Òkú Ògbufọ̀ Tí Ìjọba Mẹ́ta Kò Lè Sin

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú lórí àga ní pálọ̀ rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìjọba mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ayé rẹ̀ sìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sin ín.

Nígbà ogun, orílẹ̀-èdè mẹ́ta pawọ́ pọ̀ láti kojú ọ̀tá kan ṣoṣo. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ sókè ilé ìkẹ́rùsí létí èbúté, kí wọ́n lè pinnu ta ni yóò san owó ìbọn, ọkọ̀ ta ni yóò kó o, àti ẹrù ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ògbufọ̀ wọn. Ẹlẹ́nu Mẹ́ta ni gbogbo èbúté ń pè é, nítorí ó ń sọ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni mumi. Ẹ má rò pé ọ̀tá ni wọ́n ń bá jà nínú yàrá yẹn o. Ara wọn ni!

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gágun kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ní kí ìbọn àgbá òun kọ́kọ́ wọkọ̀. Mínísítà orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ ní ó tì o, ìyẹ̀fun ló máa ṣáájú, ebi ń pa ọmọ ogun.

Ọ̀gágun lu tábìlì. "Sọ fún un pé ajádìí apẹ̀rẹ̀ ló ń pè ní ọkọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí mínísítà. "Ọ̀gágun ní àwọn ń ṣàníyàn nípa àwọn ọkọ̀ yín, sà."

Mínísítà fi ìbínú dìde. "Sọ fún un pé bó bá dín ikùn rẹ̀ kù, àyè á gba àgbá, á gba ìyẹ̀fun!"

"Ó ní tí gbogbo wa bá sún díẹ̀, àyè á gbà wá."

Ọ̀gágun mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ọmọlúàbí ni!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ìyẹ̀fun wà lókè.

Mo bi í lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bóyá irọ́ kọ́ nìyẹn. "Irọ́ bí i ti báwo? Ohun tí wọn ì bá sọ ká ní ìyá wọn jókòó síbẹ̀ ni mo sọ."

Wọ́n ní bí a bá kú là ń dère. Àwọn kan ò tíì kú tí wọ́n ti dère! Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbẹ́ ère ọ̀gágun àti mínísítà sẹ́nu èbúté, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Nínú fọ́tò tí wọ́n wò gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wà láàárín. Agbẹ́gilére yọ ọ́ kúrò, ó gbàgbé láti sún àwọn ọkùnrin náà mọ́ra. Wọ́n wá na apá bí ẹni ń sá aṣọ.

Nígbà tó kú, èmi àti ìyá mi, àbúrò rẹ̀, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orílẹ̀-èdè kìíní ní àwọn á gbé pósí wá, bí mọ́tò bá ti dé. Ìkejì ní mọ́tò ń bọ̀, bí wọ́n bá ti gbẹ́ sàréè. Ìkẹta ní àwọn á gbẹ́ sàréè, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn pósí.

Ìyá mi kọjú sí ọ̀gá ọ́fíìsì kẹta. "Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ jọ kó ẹrù kọjá òkun lójú ogun?"

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìyá, nígbà yẹn, a ní ògbufọ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ìsàlẹ̀ ilé wa ló kan pósí. Ọkọ̀ búrẹ́dì àdúgbò ló gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo itẹ́ òkú. Ìyá mi ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi ò kúkú kórìíra búrẹ́dì gbígbóná."

Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú ère? Ta ló jókòó ti pósí, tó ń dúró de mọ́tò, nígbà tí òkú àgbàlagbà wà nílẹ̀? Ṣé ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun ni ká lọ bẹ̀ kó wá bá wa sin ín ni? A ò fẹ́ òdòdó, a ò fẹ́ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Kí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, kí wọ́n ṣàlàyé fún àbúrò olóògbé. Ìyá mi ti to àga mẹ́ta síwájú ilé. Láràárọ̀ ló ń nù wọ́n.