Ìtàn Tí Marlys Ń Sọ Fún Àwọn Olówó

Bí Marlys Haugdahl bá ń sunkún, ó ní ibi tó ti máa ń sun ún. Kì í ṣáájú ibẹ̀, kì í sì í kọjá ibẹ̀. Àwọn tó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí á ti mú bébà ìnujú dání kó tó débẹ̀. Ká má parọ́, ẹkún gan-an ti gbẹ lójú rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù ni pé ohùn rẹ̀ máa ń já níbi tó yẹ kó já, á sì fọwọ́ kan ojú bíi pé omi wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Ẹnu ló ti mọ ọ̀nà, ó sì ń dá lọ fúnra rẹ̀.

Ilé tó ti ń dáná wà ní Duluth, lórí òkè tó kọjú sí adágún ńlá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò ní ìjọ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn lé jáde ló ń gbé ibẹ̀: ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àti àwọn tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí wọn ṣùgbọ́n tí àwọn fúnra wọn mọ̀ pé obìnrin làwọn. Owó àwọn àjọ ìtọrẹ àánú ló ń gbé ilé náà ró, pàápàá jù lọ àjọ ìdílé Stenerud. Gẹdú àti irin ni bàbá ńlá wọn fi lówó, kò sì béèrè lọ́wọ́ igbó kó tó gé e. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wá ń fi owó náà ṣàánú báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó yẹn ló ń mú ilé gbóná nígbà yìnyín.

Àwọn àjọ wọ̀nyí ní ìwà tiwọn. Wọ́n á fún yín lówó fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ẹ lọ wá ẹlòmíràn, nítorí ohun tuntun ni wọ́n fẹ́ràn. Ó yá wọn lára láti sanwó ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà ju kí wọ́n sanwó epo tó ń mú ilé gbóná lọ, nítorí ta ni yóò ya fọ́tò epo? Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á bá yín jẹun. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tójú ẹnì kan rí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé dandan ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ tó ń pín owó fẹ́ gbé nǹkan kan lọ sílé lọ́kàn wọn, ilé tí kò bá sì rí nǹkan dì fún wọn, “ẹ kú iṣẹ́” nìkan ló máa gbà.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ilé ló máa ń sọ tiwọn. Ọmọkùnrin kan wá sọ tiẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, ọmọ náà wọ yàrá lọ, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò jáde wá jẹun. Marlys ló ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló sọ fún Teagan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí ilé náà, pé ó tó gẹ́ẹ́.

“Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹun,” ló wí. “Èmi ni kí wọ́n bi.”

Ohun tó sì máa ń sọ nìyí. Ó bí ọmọkùnrin kan, Joren. Nígbà tí Joren wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀, Duane, gbọ́ pé ó ń fẹ́ ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, òtútù ń gé etí. Duane ní kó jáde nílé òun. Marlys wà nídìí omi, ó ń fọ abọ́, kò yíjú padà. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà padà wá, ó ní òun fẹ́ mú bàtà yìnyín òun. Marlys ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó na bàtà sí i, ó sì ti ilẹ̀kùn padà, nítorí òtútù ń wọlé. Ibi “òtútù ń wọlé” yẹn gan-an ni ohùn rẹ̀ ti máa ń já.

Duane ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Marlys gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ sí ilé àwọn ọ̀dọ́ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Joren fúnra rẹ̀ kò kú sínú yìnyín. Ó rí ọ̀nà lọ sí Minneapolis, ó kọ́ṣẹ́ eyín fífọ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ní ọkọ, ó ra ilé. Òun àti ìyá rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ ti yìnyín, wọ́n á sọ ti mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣiná, wọ́n á wá kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún yẹn, Joren pè.

“Mọ́mì, obìnrin kan jókòó sórí àga mi lánàá, mò ń fọ eyín fún un. Bí mo ṣe yọ irin lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó ní òun lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán àwọn aláàánú kan ní Duluth, òun gbọ́ ìtàn ọmọkùnrin kan àti bàtà yìnyín. Ó ń sunkún, Mọ́mì. Ó ní kí n sáà fojú inú wò ó.”

“Kí lo wá sọ?”

“Mo ní kó tu itọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, Marlys sì mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Ó dúró de ẹ̀rín, ẹ̀rín kò wá.

“Ó ń ran ilé lọ́wọ́ ni, Joren.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Nínú ìtàn yín, mi ò tíì kúrò ní mẹ́tàdínlógún. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni mo ṣì dúró sí, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tútù. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń wò mí níbẹ̀. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, Mọ́mì.”

Marlys gbé fóònù sí etí kejì.

“Ẹ gbọ́. A fẹ́ gba ọmọ kan tọ́. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọwọ́. Wọ́n máa gbé e wá fún wa láìpẹ́. Ẹ wá bá wa jẹun lọ́jọ́ ọdún Ìdúpẹ́ nínú oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ wá gbé e, kẹ́ ẹ tiẹ̀ sùn síbí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìtàn mi mọ́. Ẹ sọ ti ẹlòmíràn.”

“Mi ò ní ti ẹlòmíràn.”

“Ẹ dákẹ́ nígbà náà. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dun ẹlòmíràn wọra. Marlys mọ ibi tó bà á, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé nǹkan fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó ti kú. Ó ní ó dáa, òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Kò parọ́. Ó fẹ́ gbé ọmọ yẹn. Láti bí ọdún mélòó kan, ohun kan ṣoṣo nìyẹn tó mọ̀ dájú pé òun fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún Teagan pé òun ò ní sọ ìtàn náà mọ́. Owó Stenerud ń tán lọ ní òpin ọdún, Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé. Bí àjọ náà ò bá tún fún wọn lówó, ilé ò ní lè mú àjà òkè gbóná, àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ á sì wá ibòmíràn lọ nínú yìnyín.

“Kò burú,” ni Teagan wí, ó ń fa ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo máa fi àwọn àwòrán onílà hàn wọ́n. Èyí tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn. Wọ́n ṣe kedere dáadáa.”

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Marlys se họ́tídíìṣì, ẹran lílọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀dùnkún kéékèèké lórí, ó ti gbogbo rẹ̀ sínú ààrò. Sorrel wọlé wá yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ àgbẹ̀ ni Sorrel, láti abúlé kan níhà ìwọ̀ oòrùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, orúkọ tó fún ara rẹ̀ ló ń jẹ́, kò sì sí ẹni tó lẹ́nu tó o nínú ilé.

“Marlys, ẹ tún ti to ọ̀dùnkún bí ọmọ ogun.”

“Jẹ tìẹ, kó o gbẹ́nu dákẹ́.”

“Táwọn olówó yìí bá jẹ ẹ́ tán tí wọn ò fún wa lówó, ṣé a lè gba oúnjẹ wa padà?”

“Ìwọ lo máa tẹ̀ wọ́n níkùn o.”

Àwọn mẹ́ta ló wá. Pahoua Lor, òṣìṣẹ́ àjọ náà, ló ṣáájú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti bẹ ilé náà wò rí, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń kó ife sí. Bàbá kan tẹ̀ lé e tó jẹun láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni Ìyáàfin Stenerud-Bell, ọmọ-ọmọ onígẹdú fúnra rẹ̀, inú rere hàn lójú rẹ̀ gbangba. Wọ́n jẹ, wọ́n ní ó dùn, wọ́n jẹ àkàrà òyìnbó olómi ọsàn títí ó fi ku ẹyọ kan lórí àwo, èyí tí kò sẹ́nikẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn láéláé, nítorí ní ìlú yẹn ìwà ojúkòkòrò ni kéèyàn mú ẹyọ tó kẹ́yìn. Ìyáàfin náà wá kọjú sí Marlys.

“Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ní ìtàn kan.”

“Kò sí ìtàn lónìí,” ni Marlys wí. “Kọfí ló wà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Teagan sáré kó àwọn àwòrán rẹ̀ jáde, ó ń fi ìka tọ́ ìlà tó ń gòkè. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Stenerud-Bell tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra gbé ọwọ́ lé tábìlì níwájú Sorrel.

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Báwo lo ṣe dé ibí?”

“Kò pọn dandan o,” ni Pahoua Lor wí kíá.

“Kò pọn dandan rárá,” ni ìyáàfin náà wí, kò sì gbé ojú kúrò lára ọmọ náà.

Sorrel, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó wo Teagan. Teagan ń wo àwọn àwòrán.

“Bàbá mi...” ni Sorrel wí, ó sì dúró. Gbogbo tábìlì ń dúró dè é. “Bàbá mi lọ mú...”

“Mo bí ọmọkùnrin kan,” ni Marlys wí.

Kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́. Ó kàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ìtàn náà ń ṣàn lọ bó ṣe máa ń ṣàn, ó dé ibi abọ́, ó dé ibi bàtà. Marlys fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ohùn náà, ó ń rò ó bóyá òun ti pa ààrò. Nígbà tí ohùn rẹ̀ já ní “òtútù ń wọlé,” ìyáàfin náà ti bojú, bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ ti yọ awò ojú rẹ̀ kúrò. Sorrel nawọ́ mú àkàrà tó kù, ó sì jẹ ẹ́ mọ́ wọn lójú. Pahoua Lor nìkan ni kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ Marlys, bíi pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì tí kò sì mọ ti èwo.

Kí oṣù tó parí, èsì dé. Stenerud máa fún wọn lówó fún ọdún mẹ́ta sí i, epo ìmúlégbóná pẹ̀lú. Wọ́n tún bẹ Marlys pé kó wá sọ ìtàn náà níbi àpèjẹ wọn ńlá ní St. Paul nígbà ìrúwé. Teagan fò sókè, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún sí i léjìká. Marlys ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó wá ayọ̀ nínú ara rẹ̀, ó wá ẹ̀dùn náà, kò rí ọ̀kankan. Inú rẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ eyín.

Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n Minneapolis kún fún eyín tó ń fẹ́ fífọ̀, ó sì sàn kí Joren gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó pè é.

“Mo sọ ọ́, Joren.”

“Kí ló dé?” ni Joren wí.

“Wọ́n ń bi ọmọ kan léèrè níbi oúnjẹ. Ó ti lanu. Mi ò lè dúró kí n máa wò ó.”

“Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yíjú padà nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n sì fún yín lówó.”

“Wọ́n fún wa. Àjà òkè máa gbóná.”

“Ó dáa. Inú mi dùn fún wọn, Mọ́mì. Òótọ́ ni mò ń sọ.” Ohùn tó fi ń sọ ti yìnyín ló fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé tí Marlys kò tíì wọ̀ rí, nǹkan kan ké. Igbe kékeré ni, ó gbẹ, ó tún ké.

“Ṣé òun nìyẹn?”

“Òun ni. Ebi ń pa á.”

“Kí lẹ sọ orúkọ rẹ̀?”

Ọmọ náà ké, ó ké. Nígbà tí Joren sọ̀rọ̀, kò pariwo.

“Rárá, Mọ́mì. Tí mo bá sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ máa sọ ọ́ níbi oúnjẹ.”

Marlys lanu láti búra pé òun ò ní sọ ọ́ láé. Ó wá ìbúra náà, kò rí i. Ó ní yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ ní Duluth. Joren ní ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà, pé kí ó má bínú, òun fẹ́ lọ fún ọmọ lóúnjẹ.