Ohùn Tó Kù Nígbà Tí Rẹ́sò Lọ

Bó bá wù yín, ẹ pè mí ní elékèé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló fẹ́rẹ̀ pa mí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ní Tokpota níbí, ní Àjàṣẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gun òpó rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù, kí n tún ohun tó bàjẹ́ lókè rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Ráímì, máa ń dúró nísàlẹ̀, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọwọ́.

Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe dókè, ohùn Ẹ̀gbọ́n Ráímì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò bà mí lẹ́rù. Ohùn rédíò kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo: òmíràn á wá tààrà, òmíràn á kọ́kọ́ lu páànù ilé tàbí ojú ọ̀sà kó tó dé. Bí wọ́n bá pàdé lódì, wọ́n á pa ara wọn.

Ó dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ẹ̀gbọ́n Ráímì tún dé. Ẹ gbà mí gbọ́, ó mọ́ gaara, bí ẹni tó fẹnu kan etí mi.

"Àbúrò, ó ti tó. Tú bẹ́líìtì rẹ."

Ìkọ́ méjì ló so bẹ́líìtì mi mọ́ irin. Mo tú ọ̀kan. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ jiyàn sí?

"Tú èkejì."

Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀ kí n tó wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ráímì ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí oyin ń lé. Rédíò wọn wà nílẹ̀.

Mo béèrè pé ta ni ń sọ̀rọ̀. Ohùn náà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, tìbínú-tìbínú:

"Ẹni tó gun òpó yìí ṣáájú rẹ ò bi mí léèrè."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ráímì ní ìgbà tí ohùn àwọn ti ń pòórá ni bátìrì rédíò àwọn ti kú. Mo sọ ohun tí mo gbọ́. Wọn ò sọ pé àlá ni. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé o dá a lóhùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí.

Mo ti bi patírọ̀ọ̀ wa, ọ̀gá àgbà tó wà ní búrò iṣẹ́, pé ta ló gun òpó yẹn ṣáájú mi. Ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ gbọ́, bí ohùn ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá pòórá, tó sì padà dé, tó wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ohunkóhun tó bá ní kí ẹ ṣe, ẹ kọ́kọ́ fojú yín rí olúwarẹ̀.