Ta Ni Yóò Bá Mi Bo Iná Lọ́yẹ́ Yìí?

Láti ẹnu ìyálé rẹ̀

Ó dìgbà kan ná, Ìyàwó. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ ti lọ. Ilẹ̀ ń mọ́, kúrukùru bo oko, n kò sì gbọ́ ikọ́ rẹ lẹ́yìn ilé mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti di ẹrù mi. Ó ní bí a bá ti sin ọ́ tán, òun yóò gbé mi lọ sí ilé òun ní Mowe. N kò tíì dá a lóhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Kí ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìsìnkú yìí lọ́wọ́ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọkọ kan náà ló fẹ́ èmi àti olóògbé. Èmi ló kọ́kọ́ fẹ́, ó wá fẹ́ ẹ lé mi, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìfọ̀ níbí. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni mo ti ń pè é ní Ìyàwó. Ó darúgbó, orí rẹ̀ hewú, Ìyàwó náà ni mo ń pè é. Òun náà kò pè mí ní nǹkan mìíràn ju Ìyálé mi lọ, bí inú tiẹ̀ ń bí i. N kò mọ ìwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé Ìyàwó jẹ́ ẹni tí kì í bínú. Mo ní kó pa á rẹ́. Ìyàwó máa ń bínú. Ó sì lawọ́ sí gbogbo nǹkan àfi epo pupa. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sọ èyí tó dùn lójú ewé tó kù. Èmi, ọyẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin ará Mowe àti Ìbàfò, ẹ kò mọ ọyẹ́. Ilé fara kan ilé lọ́dọ̀ yín, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ń mú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbi tiwa, oko ló yí wa ká. Ọyẹ́ a gba inú igi tíìkì wá, a sì wọ eegun àgbà lọ. Ètè a là, gìgísẹ̀ a là, àdín àgbọn a dì gbagidi sínú ìgò. Iṣẹ́ oko a dẹwọ́, àlejò a dín. Ó sì máa ń pẹ́. Bí èèyàn bá dá jókòó tì í, á rò pé kò ní tán.

A kò dá jókòó tì í. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ jáde, Ìyàwó. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wàá lọ sẹ́yìn ilé, wàá hú eérú kúrò lórí ẹyin iná tí o bò mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́, wàá kó ṣùkù àgbàdo gbígbẹ lé e, wàá fẹ́ ẹ títí yóò fi jó. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, iná yẹn kì í kú. Ìṣáná wà nílé, o kò ní fọwọ́ kàn án. O ní ẹni tó bá ń wá ìṣáná láàárọ̀ ọyẹ́, ó ti ṣọ̀lẹ lánàá.

Lẹ́yìn náà, wàá mú ìró aláró mi lórí okùn, wàá nà án sókè iná títí yóò fi gbóná, wàá gbé e wọlé wá dà á bò mí. "Ìyálé mi, ẹ jí. Ayé ti gbóná." N kò mọ ohun tí olówó ń gbádùn. Ṣùgbọ́n aṣọ gbígbóná tó ń rùn èéfín lára arúgbó, n kò rò pé wọ́n ní èyí tó jù ú lọ. Lọ́jọ́ kan, iná jó ihò sí i. Mo pariwo mọ́ ọ. O wo ihò náà dáadáa, o ní, "Ṣé ẹ ti ń sọ pé ooru máa ń mú yín lọ́sàn-án? Ibẹ̀ ni atẹ́gùn á máa gbà wọlé." N kò lẹ̀ ẹ́. Òun ni mo ró báyìí.

Nígbà tí ọkọ wa wà láyé, ohun tí a ń jà lé lórí pọ̀. Nígbà tó kú, kò ku nǹkan kan àfi ẹni tí yóò jókòó síbi tí èéfín kì í dé. Bí mo bá jókòó sí ọ̀tún, èéfín a wá sí ọ̀tún. Mo bá sún sí òsì, ó tẹ̀ lé mi.

"Èéfín mọ àgbà, Ìyálé mi."

"Á mọ ìwọ náà lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ la ó máa bá a bọ̀ títí iṣu yóò fi jinná nínú eérú. Wàá mú ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó fún ara rẹ, wàá fún mi ní inú tó funfun nítorí eyín mi. Wàá wá kán epo sí i bí ẹni ń kán oògùn sójú.

Bí oòrùn bá yọ, a ó gbé àpótí lọ sídìí ògiri, a ó sì máa sún bí oòrùn ti ń sún. Wàá fi òrí ra gìgísẹ̀ mi, èmi náà á fi ra tìrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ nínú wa. Ìgbà mìíràn wà tí a kò ní sọ̀rọ̀ títí di ìyálẹ̀ta. Ìyẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù.

Ọmọ mi tó di ẹrù mi yìí, wọ́n ti bí i kí o tó wọlé, nítorí náà o kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò lò ń pè é. Ó ti sanra báyìí, kò ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú, o kò yí orúkọ padà. Lọ́yẹ́ kan, ó ra búláńkẹ́ẹ̀tì ńlá wá fún mi. Nígbà tó tún wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fimú gbọ́ òórùn.

"Màámi, kí ló ń rùn báyìí?"

Kò rí búláńkẹ́ẹ̀tì lórí ibùsùn. O ti fi wé igbá ìrú ní igun yàrá, nítorí pé òtútù kì í jẹ́ kí ìrú ṣe dáadáa.

"Agùntáṣọọ́lò ọkọ mi, ẹ má bínú," o wí fún un. "Ìyá yín ní èmi. Ìrú kò lẹ́nìkan."

Ó fajú ro títí. Ṣùgbọ́n ó gba nínú ìrú náà lọ sí Mowe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, o ní ó rẹ̀ ọ́, o tètè wọlé. Láàárọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Kò sí èéfín. Mo fọwọ́ kan eérú, ó tutù. N kò tíì pè ọ́ tí mo ti mọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé iná kú, ó feérú bojú. Wọn yóò sọ ọ́ níbi òkú rẹ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́. Ìyàwó kì í feérú bo òkú iná. Kí iná má baà kú ló ṣe ń bò ó.

Lánàá, mo bu ẹyin iná nílé kejì, mo dá iná wa padà. Nírọ̀lẹ́, mo bò ó bí o ti máa ń bò ó, kùkùté ńlá nísàlẹ̀, eérú lórí, kó má hàn níbì kankan. Nígbà tí mo hú u láàárọ̀ yìí, ó pọ́n.

Èsì mi nìyí. Agùntáṣọọ́lò, tú ẹrù náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wá gbé mi, n kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyókù ọyẹ́ yìí, níbí ni n óò ti lò ó. Má bínú. Ìwọ ní ìyàwó, o ní ọmọ ní Mowe. Iná yìí kò lẹ́nìkan.

Pásítọ̀ ní kò sí òtútù níbi tí o lọ, Ìyàwó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò kàn mọ ohun tí wàá máa fi àárọ̀ ṣe níbẹ̀ ni.

Sùn re o. Má dìde láàárọ̀ ọ̀la. Èmi ni n óò kọ́kọ́ jáde.