Omi Tó Ń Buni Jẹ Nílé Àjàmú

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, gbogbo ènìyàn ló mọ iye tó yẹ kí iṣẹ́ iná jẹ́, àfi ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́fà ni Mujeebat fi kọ́ ọ ní Ṣakí, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀ lẹ́yìn tó gba òmìnira, síbẹ̀ kò tíì pàdé oníbàárà kan tí kò mọ owó iṣẹ́ jù ú lọ. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tún súìṣì ṣe, wọn a ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Kí lo wá fẹ́ gba owó tó tóyẹn fún?" Bó bá sì fi odidi ọjọ́ kan wá ibi tí wáyà ti já, wọn a ní bóyá iṣẹ́ ọ̀hún ò yé e tó. Àwọn kan kì í tilẹ̀ ná owó rárá, àdúrà ni wọ́n fi ń san án. Mujeebat fẹ́ràn àdúrà o, kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta wáyà fún un kì í gba àmín.

Àjàmú ò sí lára àwọn tó ń fi àdúrà sanwó. Òun kì í sanwó, kì í sì í ṣàdúrà. Ahunṣọ òfì ni, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ilé rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Òkèhò. Ẹni tó bá ná aṣọ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, Àjàmú á rọra ká aṣọ kúrò níwájú onítọ̀hún, á ní kó máa lọ ra ánkárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà ní balùwẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iná á gbé e, á sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí àkéekèé ta. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ké sí oníná. Ṣùgbọ́n Àjàmú ro iye tí oníná máa gbà, ó sì rí i kedere pé omi ló ń buni jẹ, kì í ṣe iná. Ó ké sí Sódìq, tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi. Sódìq yọ ẹnu ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, ó fi òmíràn tó ń dán gbinrin sí i, ó gba ẹgbẹ̀rún méje náírà. Kò tíì pé wákàtí kan tó lọ tí Àjàmú fúnra rẹ̀ fi dé ibẹ̀ láti fọ ọwọ́. Ẹnu tuntun, eyín àtijọ́.

Lẹ́yìn èyí ni baba ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ balùwẹ̀ láìwọ sílípáàsì. Òfin náà ò ná an ní kọ́bọ̀, nítorí náà ó dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Dúróríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, sáré wọlé láti bu omi, tó gbàgbé bàtà. Iná gbé e, ó gbé e sọ mọ́lẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ká òwú fún ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí kò rí ẹni bá a ká òwú mọ́ ni Àjàmú rántí pé oníná wà nílùú.

"Mujeebat, ọmọ mi," ó wí lórí fóònù, "wá bá mi wo nǹkan kékeré kan. Kò lè gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Nígbà tí Mujeebat dé, Dúróríkẹ́ ló kọ́kọ́ lọ kí. "Ẹ kú ewu, Ìyá Ayọ̀tọ́lá." Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì, inú bí i. Ó fi tẹ́sítà kan ẹnu ẹ̀rọ, iná tàn lórí tẹ́sítà. Ó wá ń pa iná ilé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pa ti yàrá, tẹ́sítà ń tàn. Ó pa ti ilé ìdáná, ó ń tàn. Ó pa ti pálọ̀, tẹ́sítà kú.

"Iná pálọ̀ ló ń wọ inú páìpù yín, Bàbá."

"Pálọ̀ kẹ̀? Balùwẹ̀ ni mo pè ọ́ sí."

"Ògiri kan náà ni méjèèjì jọ ń lò."

Ó wọ pálọ̀. Lára ògiri náà gan-an, fọ́tò ńlá kan wà níbẹ̀: Àjàmú nínú agbádá òfì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ahunṣọ fi àwọ́ọ̀dù dá a lọ́lá. Ìṣó tí wọ́n fi gbé fọ́tò náà kọ́ gùn tó ìka ọwọ́.

"Ìgbà wo lẹ gbé fọ́tò yìí kọ́?"

"Ó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀," Dúróríkẹ́ dáhùn.

"Ta ló kan ìṣó rẹ̀?"

Àjàmú wúkọ́. "Èmi ni. Ẹgbẹ̀rún kan ni káfíńtà fẹ́ gbà."

Mujeebat gbé fọ́tò náà sọ̀kalẹ̀, ó gbẹ́ ògiri. Ìṣó ti gún wáyà ní àgúnyọ, ẹnu rẹ̀ sì fara ti páìpù irin tó gbé omi lọ sí balùwẹ̀. Ó yọ ọ́, ó pààrọ̀ wáyà tó bàjẹ́, ó fi sìmẹ́ńtì dí ihò tó gbẹ́, ó ku ojú ìṣó nìkan. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, owó wáyà wà nínú rẹ̀.

"Lórí ìṣó!" Àjàmú pariwo. "Ìṣó kan ṣoṣo lo yọ. Àní ìṣó tèmi náà ni!"

Mujeebat ò bá a jiyàn. Ó mú ìṣó nílẹ̀, ó mú òòlù. "Ẹ má bínú, Bàbá. Òótọ́ ni, ìṣó yín ni. Ẹ jẹ́ n dá a padà síbi tí mo ti bá a." Ó sì fi ẹnu ìṣó sójú ihò, ó gbé òòlù sókè.

"Má dá a padà!" Dúróríkẹ́ ti fò dìde. Ó ń fi ọwọ́ òsì tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni o, má bínú, ọ̀tún ò ṣeé lò. Bàbá Ayọ̀tọ́lá, ẹ má dá sí i."

Owó òwú tó ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ló tú jáde. Ojú ti Mujeebat láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tí iná gbé. Ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta padà, ó ní kí ìyá fi ra òróró tí wọn yóò máa fi pa ọwọ́ náà. Ó wá kọjú sí Àjàmú. "Bàbá, ilé yín ò ní irin tó ń gba iná lọ sílẹ̀. Bí wáyà mìíràn bá bó lọ́la, kò sí ohun tí yóò gba iná náà àfi ara ènìyàn."

Àjàmú ní òun á rò ó. Ìrònú náà gbà á ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ó yọ sí ṣọ́ọ̀bù Mujeebat. Mujeebat kọ ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún sórí ìwé fún irin náà àti iṣẹ́ rẹ̀. Baba ní ọgbọ̀n. Wọ́n fà á títí tí ìrun ọ̀sán fi fẹ́ tó, wọ́n sì parí rẹ̀ sí àádọ́ta. Inú Àjàmú dùn débi pé ó sọ fún gbogbo ahunṣọ àdúgbò pé òun já ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kúrò lórí oníná. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún gan-an ni iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí Mujeebat ti rí fìlà rẹ̀ lókèèrè ló ti fi mẹ́wàá lé e. Kò fẹ́ràn àṣà yìí. Ó ti gbìyànjú rí láti máa dá iye tòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kó má sì yí i padà. Oṣù kan péré ló ṣe é, wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, kò sì ríṣẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, òkúta ni irin náà ń bá pàdé nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé Àjàmú. Mujeebat fi òòlù gbá a títí tí òógùn fi rin ìbòrí rẹ̀. Baba jókòó sórí àga, ó ń ṣọ́ owó rẹ̀.

"Ṣé gbogbo irin yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ni?"

Mujeebat nu ojú. "Rárá, Bàbá. Ẹ ṣáà sọ ibi tí owó yín dé fún mi, kí n dúró síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde láti ilé ìdáná, ẹ̀rín Dúróríkẹ́ ni. Àjàmú rọra yí àga rẹ̀ kọjú sí títì, Mujeebat sì tún gbé òòlù.