Ilẹ̀ Tí Wọn Kò Fún Ọmọ Àjòjì

Nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, akọ̀ròyìn tí kò ní ọ̀gá ni mí. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, nínú yàrá kan nílé bàbá mi lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Èmi fúnra mi ni mo ń wá ìròyìn kiri, màá kọ ọ́, màá sì wọ mọ́tò gbé e lọ bá olóòtú tó bá fẹ́ ẹ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ ń ṣiṣẹ́ nílùú onílùú ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, agbo ilé wo ló sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní ẹni tó lọ sí Gánà rí?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n wọ̀ padà sílé nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn ará wa máa lọ. Bí a bá lọ ṣọdún Iléyá nílé, wọn a máa sọ ìtàn ìpadàbọ̀ yẹn fún àwa ọmọdé, bí wọ́n ṣe sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, bí ọkọ̀ náà ṣe tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ òsì tí ẹsẹ̀ náà kò fi gún mọ́. A máa ń sunkún. Mo máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé ìtàn yẹn ló sọ mí di akọ̀ròyìn, mo sì ń fi wọ́n yangàn.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń kó pákí wá sí Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé ọmọ àwọn àjòjì kan kú ní oko kan lẹ́bàá Ìrẹsà, àwọn òbí rẹ̀ ò sì rí ilẹ̀ sin ín sí. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ.

Ọkọ àti ìyàwó ni mo bá nínú ahéré láàárín oko pákí. Láti ìhà Kútọnu ni wọ́n ti wá, àwọn méjèèjì sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọkùnrin náà ní ibà ló pa ọmọbìnrin àwọn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ jẹ́. Ó lọ bẹ onílẹ̀ pé kó fún òun ní igun kan lẹ́yìn ahéré. Onílẹ̀ kọ̀. Ó ní ibi tí ènìyàn bá sin òkú sí ti di tirẹ̀, lọ́la ni àwọn ọmọ wọn yóò dé, tí wọn yóò ní ilé bàbá àwọn nìyí. Ìyá bá pọn òkú ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń sùn, kí awakọ̀ má baà lé wọn bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní ilẹ̀.

Mo bi í pé ta ni onílẹ̀. Ó ní bàbá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó ti gbé Gánà rí, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gún.

Mo rò pé bí mo bá sọ òótọ́ fún wọn, wọn yóò túbọ̀ fọkàn tán mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n.”

Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú,” obìnrin náà wí. “Bàbá ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ọkọ mi ò mọ ohun tó ń sọ ni.”

Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde ni wọ́n túbọ̀ ń bẹ̀ mí. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Wọ́n di pákí fún mi. Mo kọ̀ ọ́, ẹ̀rù túbọ̀ bà wọ́n, mo bá gbà á.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níwájú ilé. Wọn ò jiyàn.

“Ilẹ̀ yẹn ló kù mí kù,” wọ́n ní. “Ẹni tí wọ́n ti lé rí kì í fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣeré.”

Bàbá mi ti sọ fún mi rí pé àkọ́bí wọn kú sí Gánà. Mo ní, “Bàbá, ta ló fún yín ní ilẹ̀ tí ẹ sin àkọ́bí yín sí?”

Wọ́n ní, “Onílé wa ni.” Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó tiẹ̀ bá mi gbẹ́ ẹ.”

Ìyàwó wọn gbé oúnjẹ wá. Ẹni tí kò bá jẹun nílé bàbá rẹ̀, ìjà ló wá jà. Mo jẹ ẹ́.

Mo kọ ìròyìn náà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbátan mi ni onílẹ̀. Olóòtú ní kí n yọ ọ́, mo kọ̀. Nígbà tó jáde, bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, kà á tán, wọ́n ká a, wọ́n gba iléèwé lọ. Wọn ò bá mi jà. Mo kàn rí i pé fún ìgbà díẹ̀, ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé kí a má baà pàdé.

Ẹ̀gbọ́n wọn ránṣẹ́ pè mí. Ẹnì kan ti ka ìwé ìròyìn náà fún wọn. Wọ́n ní àwọn lọ sóko láti sọ fún tọkọtìyàwó náà pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ahéré òfìfo làwọn bá. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló lé wọn, tàbí pé èmi ni wọ́n ń sá fún.

“Ìwọ ni akọ̀ròyìn,” wọ́n ní. “Bá mi wá wọn.”

Mo béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo béèrè ní àwọn ibùdókọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Lọ́jọ́ tí mo lọ jábọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń padà sí Ọ̀yọ́, ìyá kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Wọ́n bi mí, bí wọ́n ṣe máa ń bi ni, pé ọmọ agbo ilé wo ni mí. Mo sọ fún wọn. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn mọ àwọn ará ilé wa dáadáa, ènìyàn gidi ni wọ́n, wọn kì í fojú pa àlejò rẹ́.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Mo yíjú sí fèrèsé títí a fi dé Ọ̀yọ́.