Kobáyì Kan Nínú Yàrá Opó

Ilé Alimatou kọjú sí ojú irin ní Tchaourou, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín ilé rẹ̀ àti tèmi. Aránṣọ ni. Kò sí ọmọ iléèwé kan ládùúgbò wa tí kò tíì wọ kakí tó rán rí. Tó bá ti wọ̀n ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní wọ̀n ẹ́ mọ́ láéláé, àfi tó o bá sanra, ìgbà yẹn ló sì máa sọ fún ẹ lójú ẹ pé o ti sanra. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń dún, ẹnu rẹ̀ náà ń dún, kò sì sí ohun tó ń sọ tí mi ò gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọlọ́hun kò fún un ní ọmọ tó dúró. Ó fún un ní Chakirou, ọkọ tó ń fi alùpùpù zém gbé èrò, tó máa ń jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn láìsá.

Chakirou ló mú kobáyì wọlé. Ó gbé obìnrin kan lọ sí Tchatchou, Raoudath lorúkọ rẹ̀, tó ń sìn wọ́n nínú ilé ìdáná, ìyẹn sì fún un ní akọ kan àti abo kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ kobáyì, ẹ rò ó bí eku tó sanra, tí kò nírù, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ojú rẹ̀ kò mọ ibi. Jíjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sìn ín fún níhìn-ín. Chakirou ní tòun kì í ṣe ti ìkòkò. Ó sọ akọ ní Ṣẹ́ẹ̀fù, nítorí pé ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bí ọ̀gá ibùdó rélùwéè, ó sì sọ abo ní Màdáàmù.

Ibà ló mú Chakirou lọ, kò sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. A gbàdúrà fún un. Èmi fúnra mi fi iwájú orí kanlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́hun pé kó fi í sílẹ̀ fún aya rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun bá ṣe ló dára. Mo gbà á gbọ́ lánàá, mo gbà á gbọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún Alimatou, ẹnu mi gbẹ, mi ò sì mọ ìdí tó fi gbẹ.

Alimatou wọ opó bí Kùránì ti là á sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jáde nílé, kò gbọdọ̀ lé tìróò, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́, títí ọjọ́ yóò fi pé. Àpótí pákó tí àwọn kobáyì ń gbé wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwa obìnrin kún ibẹ̀ láti kí i, Ṣẹ́ẹ̀fù gbé ìṣe rẹ̀ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí, ó ń dún rùrùrù, ó ń yí Màdáàmù ká bí ọkọ ìyàwó. A fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ètè Alimatou pàápàá mira.

Àǹtí Chakirou, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Goro nítorí pé Goro ló ti wá, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní wọn kì í ṣe irú ìyẹn lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ, akọ kankan kò sì gbọdọ̀ sùn nínú yàrá opó. Ẹnì kan ní ẹran ni kẹ̀.

Ìyá Goro wò ó. “Akọ ni àbí akọ kọ́?”

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé akọ kọ́. Saliou, àbúrò Chakirou tí òun náà ń gbé ní Goro, ní kí wọ́n na Ṣẹ́ẹ̀fù síta fún òun lẹ́nu ọ̀nà, ó kó o sínú àpò, ó gbé e kọ́ ọwọ́ alùpùpù, ó lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdààmú wa bẹ̀rẹ̀. Màdáàmù kọ́kọ́ ń súfèé, fíì, fíì, bó ti máa ń ṣe tó bá rí koríko, bẹ́ẹ̀ a ti gbé koríko síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, kò súfèé mọ́. Ó wọ kọ̀rọ̀ àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, irun rẹ̀ dìde gaga. Koríko rọ níwájú rẹ̀. A ní bóyá ooru ni, a gbé àpótí kúrò lẹ́bàá fèrèsé. A ní bóyá koríko ẹ̀gbẹ́ ojú irin ti ní èérí epo, mo lọ gé tọ́tun lẹ́yìnkùlé. A fún un ní èèpo iṣu, a fún un ní èérí àgbàdo, a pààrọ̀ omi. Ẹnì kan ní àlùjọ̀nnú ti wọ ibẹ̀. Mo ka áyà Kùránì kan sórí àpótí náà, Màdáàmù kò tilẹ̀ fò.

Alimatou ń gbé e lé itan láràárọ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó máa ń sọ fún Chakirou ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri tó ń sọ fún kobáyì. Ẹran náà á gba èèpo díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á wá dáwọ́ dúró, bí ẹni tó rántí nǹkan.

“Ìyá Farid,” ó sọ fún mi, “ó fẹ́ tẹ̀lé e ni.”

“Tẹ̀lé ta ni?”

“Chakirou. Òun ló kù tó fi lé mi lọ́wọ́. Bí èyí náà bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ara mi.”

Mo ní astagfirullah, ẹran kì í... Mi ò mọ ohun tí ẹran kì í ṣe.

Mo lọ pe Alúfàá Mouhamed. Ó dúró síta, lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, bó ṣe yẹ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní láti kékeré lòun ti ń kàwé, òun ò tíì rí ojú ewé tí wọ́n ti dárúkọ kobáyì.

Alimatou sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. “Alúfàá, ẹ sọ ní wáàsí pé ẹni tó bá ti ẹran mọ́lé tí ebi fi pa á máa jíhìn. Èmi ń fún un jẹ. Omi wà níbẹ̀. Kí ló tún kù tí mi ò fún un?”

Alúfàá ní òun ò mọ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni pé obìnrin ni Ọlọ́hun ní kó ṣe opó, kò pàṣẹ fún eku. Kí wọ́n dá akọ padà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ara tù wá. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe Saliou lórí fóònù pé kó máa gbé Ṣẹ́ẹ̀fù bọ̀.

Saliou ní, “Tata, àǹtí mi, àlejò wá.”

Mo bi í pé kí ló kan àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó tó wá yé mi.

Nígbà tí mo sọ fún Alimatou, kò sunkún. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣe bismillah kí wọ́n tó pa á. Mo tún pe Saliou, ó ní wọ́n ṣe é. Alimatou ní ó dáa.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá nọ́ńbà Raoudath nínú fóònù Chakirou. Ó jẹ́ kó dún síta, kí n lè gbọ́. Raoudath kò béèrè koríko, kò béèrè ooru. Ó ní mélòó ló wà nínú àpótí. Alimatou ní ọ̀kan.

“Ọ̀kan péré? Ta ló ń bá a gbé?”

“Èmi.”

“Tata, ẹ má bínú o. Ẹ kì í ṣe kobáyì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Raoudath ń bá tiẹ̀ lọ. Ó ní òun ò fi ọ̀kan sílẹ̀ lóun nìkan rí. Wọ́n máa ń fara ti ara wọn sùn, wọ́n máa ń gbọ́ ohùn ara wọn, bí ọ̀kan bá ń jẹ, èkejì náà á jẹ. Bon, ó lè jẹ́ àìsàn gidi ló ń ṣe Màdáàmù, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n òun á mú abo kan wá. Abo méjì lè jọ gbé, ilé ò ní kún fún ọmọ tẹ́nìkan ò lè tọ́jú, Ìyá Goro ò sì ní rí ẹjọ́ rò.

Nígbà tí mo kírun àsárì lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ bẹ Ọlọ́hun fún ẹran yẹn, ojú tì mí. Orí ẹní yẹn náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ fún Chakirou. Bó bá fún mi ní èyí, tí kò fún mi ní tọ̀hún, kí ni màá wí? Bí kò bá sì fún mi ní méjèèjì ńkọ́? Mo pẹ́ níbẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan, mo wá sálámà, mo parí ìrun mi.

Lọ́jọ́ kejì Raoudath dé pẹ̀lú abo kékeré kan, àwọ̀ obì, tó ń gbọ̀n. Ó fi wáyà pín àpótí sí méjì kí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn ara wọn, ó fi ìkòkò tó ti fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí kálukú ní ibi tó lè sá sí. Màdáàmù kò yíjú. Ó tó ìrọ̀lẹ́ kó tó wá dúró síbi wáyà, tí imú rẹ̀ ń mì. Raoudath yọ wáyà. Ni Màdáàmù, tí kò lè gbé orí láàárọ̀, bá lé ọmọ ọlọ́mọ ká àpótí, ó ń payín keke. Mo nawọ́ láti gbà á sílẹ̀. Raoudath di ọwọ́ mi mú, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde, ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń sọ.

Èyí kékeré sá sábẹ́ ìkòkò. Nígbà tó jáde, kò wo ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Màdáàmù ń wò ó. Ó sún mọ́ ọn, ó fa ewé kan gbà lẹ́nu rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó tún fa òmíràn.

Lẹ́yìn tí Raoudath lọ, Alimatou na èèpo iṣu sínú àpótí. Màdáàmù kò wá. Ó ti fara ti èkejì, ó ń jẹun. Alimatou fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

“Ìyá Farid, ṣé ó ti gbàgbé Ṣẹ́ẹ̀fù ni? Àbí ó ṣì ń rántí rẹ̀, tó sì lè jẹun báyẹn?”

Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo wá a, mi ò rí i.

“Mi ò mọ̀, Alimatou.”

Ó mi orí, ó tún wo inú àpótí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun gé koríko sí i, èyí tó wà nílẹ̀ kò lè tó ẹni méjì.