Pákó Tí Wọ́n Fi Wọn Àmírà

Bí ìfura bá jẹ́ oògùn àgbà lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Ṣàkírát, Ìyá Àmírà, ń lò ó. Ọdún kọkànlá rèé tí ọkọ rẹ̀, Àkíbù, ti kú fi ìsọ̀ pákó sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà Lanlate ní Èrúwà. Kò sí ẹni tó lè kó pákó tó wọ́ wá síbẹ̀ kó sì rí i tà. Obìnrin náà á di ojú kan, á fi ojú kejì wo etí pákó láti ìdí dé orí. Á wá gbé méjì lé ara wọn, ojú kọ ojú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè gba àárín wọn kọjá, ẹ máa gbé e lọ nìyẹn. Àwọn kan ní ó ti le jù. Kì í ṣe pé ó le, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó ni.

Àmírà ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Nọ́ọ̀sì ni ní Kánádà, ní ìlú kan tí òkè yí ká. Èṣí ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́ níbẹ̀: Zachariah, ọmọ tíṣà kan ní Lanlate. Ìyá kò bá ti ṣọ́ọ̀ṣì tí Zachariah ń lọ jà. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé kò mọ irú ẹni tí ọmọkùnrin náà jẹ́. Ó ní kí àwọn ẹbí Zachariah má tíì wá tọrọ ọmọ, kí òun kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àmírà pè é lórí fídíò láti inú ṣọ́ọ̀bù kan.

“Mọ́mì, ẹ bá wa wo nǹkan. Síkì ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ la máa ń so ó mọ́, a ó wá fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín láti orí òkè. Zachariah ló ní ká jọ máa lọ.”

“Láti orí òkè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. A fẹ́ èyí tó yẹ obìnrin, tó sì lè gba gbogbo ibi: ibi tí yìnyín ti le, ibi tó ti rọ̀, àti àárín igi.”

Ìyá Àmírà gbé fóònù sún mọ́ ojú. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló rí, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí orí wọn ká sókè. Ó ní kí wọ́n gbé wọn lé ara wọn, ojú kọ ojú. Zachariah ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kan ara wọn lókè, wọ́n kan ara wọn nísàlẹ̀, àmọ́ àárín ṣófo débi pé ìka lè wọ ibẹ̀.

“Ó ti wọ́,” ni Ìyá Àmírà wí. “Ta ló yan èyí?”

“Zachariah ni.”

Ó ní, “Hùn.” Bí kò tilẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti hàn lójú rẹ̀.

Zachariah wá na pákó kan ró, ó gbé e ti Àmírà lẹ́yìn láti ilẹ̀, ó wo ibi tó bá a dé. Ó ní ó ga jù. Ó mú òmíràn, ó tún fi wọ̀n ọ́n. Ní ìsọ̀ Ìyá Àmírà, ẹni tó ti kú nìkan ni wọ́n ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ra pákó. Àwọn ẹbí á dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi wọn òkú, òun á sì gé pákó tí wọ́n máa fi bo sàréè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé ti Àkíbù. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi pákó wọn alààyè rí.

“Gbé e kúrò lára ọmọ mi,” ló wí. “Kí lo fẹ́ fi í ṣe lórí òkè? Tìrẹ dà?”

“Mi ò ní, mà,” ni Zachariah dáhùn.

“Ìwọ á dúró nísàlẹ̀, wàá máa wò ó?”

Zachariah wo Àmírà. Àmírà wolẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Èmi kọ́ ni mo ní ká lọ, ẹ̀rù òkè yẹn ń bà mí, mi ò gùn ún rí. Òun ló ti ń lọ láti èṣí, tó ń háyà èyí tó bá ti rí. Ní Fẹ́búárì ló ṣubú, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀, kò gbọ́. Ni mo bá lọ bi àwọn tó mọ̀ nípa síkì. Wọ́n ní èyí tó bá ga jù ú lọ máa ń sáré jù, kò sì ní ṣeé yí. Èyí tó bá dé imú rẹ̀ ló máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìdí tí mo fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn.”

Ó gbé pákó náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fara lélẹ̀. Nígbà tó yọwọ́, ó tún gbéra. “Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àárín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó bá dúró lé e, á tẹ́, etí rẹ̀ á sì di yìnyín mú.”

Ìyá Àmírà rántí Fẹ́búárì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àmírà fi ń pè é láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní otútù ló mú òun. Nínú gbogbo ìrun tí ìyá ń kí ló ti ń ṣàdúà nítorí otútù yẹn. Ojú tì í, inú sì bí i. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, tirẹ̀ ló ń rẹ́ ẹ jẹ.

“Àmírà, ọwọ́ wo ni?”

Àmírà gbé ọwọ́ òsì sókè.

“Zachariah,” ni Ìyá Àmírà wí, “wọ̀n ọ́n dáadáa, kó má kọjá imú. Tó bá lọ sórí òkè, ìwọ ni kó o máa pè mí tó bá ti sọ̀kalẹ̀, má jẹ́ kí òun pè mí. Sọ fún bàbá rẹ ní Lanlate pé mò ń retí wọn.”